Ta Ló Ni Àwòrán Aláṣẹ? Kámẹ́rà àti Àwọn Olóṣèlú, láti Ìgbà Vieyra títí dé Àpérò Ọdún 1990

Ní Kétu, kí kámẹ́rà tó dé, ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa ní láti fi aláṣẹ han ará ìlú. Ọ̀nà kan jẹ́ ti ààfin: oríkì àti ìtàn ìran ọba, tí Baba Ẹlẹ́gùn ń kà láti orí ọba àkọ́kọ́ títí dé orí ẹni tí a fẹ́ fi jẹ Alákétu. Ọ̀nà kejì jẹ́ ti ọjà lóru: Ọ̀rọ̀-Ẹ̀fẹ̀ a jáde nínú agọ̀ rẹ̀, a júbà àwọn ìyá, lẹ́yìn náà a wá máa fi orin sọ ohun tí àwọn ẹni ńlá ṣe ní kọ̀rọ̀ tí kò tọ́. Ọ̀kan ń gbé aláṣẹ ga, èkejì ń tú àṣírí rẹ̀. A kò lè pe èyíkéyìí nínú wọn ní irọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀kan láìgbọ́ èkejì kò tíì mọ ọba náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn bí a ti ń ronú lórí irú fíìmù tí àwọn Faransé ń pè ní documentaire, èyí tí kì í lo òṣèré, tí ó jẹ́ pé ènìyàn gidi ni ó ń mú níbi iṣẹ́ gidi. Láti ìgbà tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ti wọ inú ìṣèlú ni àríyànjiyàn kan ti wà láàárín àwọn aláṣẹ àti àwọn ayàwòrán, tí kò sì tíì parí títí di òní: ta ló ni àwòrán aláṣẹ? Ṣé ẹni tí a yà ni, ṣé ẹni tí ó yà á ni, àbí àwọn ènìyàn tí a ń ṣàkóso lé lórí?

Ní ilẹ̀ tiwa, òfin ni ó kọ́kọ́ dáhùn. Ní ọdún 1934, nígbà tí Pierre Laval jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ àmúsìn, ìjọba Faransé gbé àṣẹ kan jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù tàbí gba ohùn sílẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ wọn láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ gómìnà. Ó hàn gbangba pé kì í ṣe ẹwà igi àti odò ni wọ́n ń dáàbò bò. Ní ọdún 1950, ọ̀dọ́mọkùnrin Faransé kan, René Vautier, tí a rán wá láti ya àwòrán ìgbé-ayé Áfíríkà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, rí iṣẹ́ àṣekú àti ìfìyàjẹni ní Côte d'Ivoire, ó sì ya wọ́n. Àwọn ọlọ́pàá gba púpọ̀ nínú fíìmù rẹ̀, a sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, èyí tí ó kù, tí ó pè ní Afrique 50, sì wà lábẹ́ òfin ìdènà fún ohun tí ó ju 40 ọdún lọ. Bí a bá ṣe èyí fún aláwọ̀ funfun, kí ni a kò ní ṣe fún ọmọ onílẹ̀?

Ìdáhùn wà nínú ìtàn ọmọ Àjàṣẹ́ kan. A bí Paulin Soumanou Vieyra ní Àjàṣẹ́ ní 1925; orúkọ ìdílé rẹ̀ fi hàn pé Àgùdà ni wọ́n. Wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Faransé ní kékeré, òun ni ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní IDHEC, ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́ fíìmù ní Paris. Nígbà tí ó fẹ́ ya fíìmù nípa àwọn ènìyàn rẹ̀, a kò gbà á láyè láti yà á ní Áfíríkà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá yà á ní Paris, láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó ń gbé ibẹ̀; Afrique-sur-Seine ni wọ́n pè é, ní 1955. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú ṣe, ẹ̀bá odò Seine ni ó ti wáyé, kì í ṣe ẹ̀bá ọ̀sà Àjàṣẹ́, nítorí pé àṣẹ gómìnà ṣì dúró.

Lẹ́yìn òmìnira, Vieyra lọ ṣiṣẹ́ ní Senegal, ó sì di olórí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe fíìmù ìròyìn fún ìjọba. Ó ṣe Une nation est née ní 1961 nípa ìbí orílẹ̀-èdè náà, ó sì bá Ààrẹ Léopold Sédar Senghor rìnrìn àjò láti ya àwòrán rẹ̀ níbi tí ó bá dé. Lójú tiwa, oríkì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ọ̀págun, ọwọ́ bíbọ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n tò lójú ọ̀nà. A kò sọ ọ́ láti bu iyì ọmọ Àjàṣẹ́ kù. Orílẹ̀-èdè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ń fẹ́ kí a ki òun, Vieyra kan náà sì ni ó kọ ìwé ìtàn fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà nígbà tí ẹlòmíràn kò tíì ronú kàn án. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ó sọnù. Ní Dahomey ti ọjọ́ wọnnì, Sourou Migan Apithy, Hubert Maga àti Justin Ahomadégbé pín orílẹ̀-èdè sí ọ̀nà mẹ́ta, débi pé ní 1970 wọ́n gbà láti máa jẹ ààrẹ ní ẹ̀lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀, ọdún méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwòrán wọn tí ó sábà máa ń kan wá lójú ni ti ayẹyẹ. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú iyàrá, bí wọ́n ṣe ń ka iye ìbò tí agbègbè kọ̀ọ̀kan lè mú wá, ìyẹn wà lẹ́nu àwọn àgbà tí ń dín kù lọ́dọọdún.

Ní ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ pé àwọn ará wa ní Ìbàdàn ni ó ṣíwájú. Ní 31 oṣù Kẹwàá 1959 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí èyí tí ó jẹ́ ti Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìṣèlú pátápátá: ní 1953 gómìnà Macpherson ti bú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí rédíò, nígbà tí Awólọ́wọ̀ sì béèrè àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò fún un. Ẹni tí a dí lẹ́nu kọ́ ẹnu tirẹ̀. Ní ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó di 1978, lábẹ́ ìjọba ológun ti Mathieu Kérékou, kí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn, ọ̀nà mìíràn ti ṣí ní Amẹ́ríkà. Ní 1960, akọ̀ròyìn Robert Drew àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn bíi Richard Leacock, D. A. Pennebaker àti Albert Maysles, lo kámẹ́rà àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí ó fúyẹ́ tó ohun tí ènìyàn lè gbé lé èjìká. Títí di ìgbà náà, kámẹ́rà máa ń dúró lójú kan lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Olóṣèlú ni ó ń tọ̀ ọ́ wá, ọ̀rọ̀ tí yóò sọ a sì ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ kí ó tó jókòó. Nísinsìnyí, kámẹ́rà ni ó ń tọ olóṣèlú lẹ́yìn. Wọ́n tẹ̀ lé John Kennedy àti Hubert Humphrey bí wọ́n ti ń du ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní Wisconsin, wọ́n sì pe fíìmù náà ní Primary. A rí Humphrey tí oorun gbé lọ nínú ọkọ̀. A rí Kennedy tí ó ń la èrò kọjá, kámẹ́rà sì wà lókè lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé àwa gan-an ni à ń tì í síwájú. A rí ìyàwó rẹ̀ Jacqueline tí ó ń bá àwọn ọmọ ìran Póláńdì sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì tí ó kó sẹ́yìn ń fún ara wọn láìsinmi. Ẹnu kò jẹ́wọ́ ìbẹ̀rù, ọwọ́ jẹ́wọ́. Kò sí ìwé ìròyìn tí ó lè kọ èyí.

Ní 1963, Drew tún wọ inú ọ́fíìsì Kennedy, tí ó ti di ààrẹ, nígbà tí gómìnà ìpínlẹ̀ Alabama kọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú méjì wọ yunifásítì. Àwọn kan nínú ìwé ìròyìn bínú pé kò yẹ kí kámẹ́rà wà níbi tí ààrẹ ti ń ṣe ìpinnu. Ìbéèrè wọn kò burú rárá: ṣé ẹni tí ó mọ̀ pé a ń wo òun lè ronú bí ẹni tí ó dá wà?

Ọdún 1974 ni ọ̀rọ̀ náà wá gbóná, nítorí fíìmù méjì tí ilẹ̀ Faransé bí lọ́dún kan náà.

Àkọ́kọ́ ni ti Raymond Depardon, ọmọ àgbẹ̀ tí ó di ayàwòrán, tí ó sì wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Gamma sílẹ̀ ní 1966. Ààrẹ Georges Pompidou kú ní 2 oṣù Kẹrin 1974. Valéry Giscard d'Estaing, mínísítà ètò ìnáwó, ẹni ọdún 48, jáde láti du ipò náà. Ó fẹ́ràn àpẹẹrẹ Kennedy. Ó fẹ́ kí a rí òun bí ẹni titun láàárín àwọn àgbà. Ó gba Depardon láyè láti máa tẹ̀ lé òun nínú ọkọ̀, nínú ìpàdé àti nínú ọ́fíìsì, òun tìkára rẹ̀ ni ó sì gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Ní 19 oṣù Karùn-ún ó borí François Mitterrand pẹ̀lú 50,81 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye yẹn gan-an ni a kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe orúkọ fíìmù náà.

Nígbà tí Giscard wo iṣẹ́ tí ó sanwó fún, ó kọ̀ kí a fi í han ẹnikẹ́ni. Ó di oṣù Kejì ọdún 2002, ọdún 28 lẹ́yìn náà, kí àwọn ará ìlú tó rí i, pẹ̀lú orúkọ tuntun: 1974, une partie de campagne. Ẹni tí ó bá gbọ́ Faransé nínú yín yóò rí eré tí ó wà nínú orúkọ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ìgbèríko àti ìpolongo ìbò.

Kí ni ó wà nínú fíìmù náà tí ó bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀? Kò sí olè, kò sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sí àlè. Kò tilẹ̀ sí olùsọ̀tàn tí ń ṣàlàyé; Depardon kàn ń wò ni. Ohun tí a rí ni ọkùnrin kan tí ó ń fi òtútù sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó ń ràn án lọ́wọ́, bí ẹni tí ń to ọmọ ayò. Lẹ́yìn náà a rí i ní alẹ́ ọjọ́ ìbò, nínú ọ́fíìsì mínísítà tí ó wà ní Louvre nígbà náà, tí òun nìkan jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n tí ó ń dúró de èsì. A ti rí àwọn ọba wa nínú oríkì. A ti rí wọn nínú orin Ẹ̀fẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ni ó fi aláṣẹ hàn wá níbi tí ó dá jókòó sí? Èrò tiwa ni pé ohun tí Giscard fi pamọ́ kì í ṣe ìwà búburú kankan. Ó rí i pé ènìyàn ni òun nínú fíìmù náà, nígbà tí ó jẹ́ pé ààrẹ ni ó rò pé òun ń rà.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé Depardon kan náà ni ó lọ sí aṣálẹ̀ Chad, tí ó sì mú àwòrán Françoise Claustre wá, obìnrin Faransé tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ Hissène Habré dè mọ́lẹ̀ láti 1974. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Faransé gbé ẹkún obìnrin náà jáde ní 1975, ìjọba Giscard gan-an ni ojú tì. Fíìmù tí ó sanwó fún wà lábẹ́ títì. Èyí tí kò sanwó fún ni ó wọ inú gbogbo ilé.

Fíìmù kejì ni ti Barbet Schroeder, ní Uganda. Ọ̀gágun Idi Amin ti gba ìjọba ní oṣù Kínní 1971, ó sì ti lé àwọn ará Éṣíà kúrò ní ìlú ní 1972. Schroeder béèrè láti ya fíìmù rẹ̀, Amin sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà, nítorí ó rò pé òun ni yóò máa darí rẹ̀. Ó gun ọkọ̀ ojú omi ó ń fi àwọn ẹranko han kámẹ́rà. Ó ta kọ́díọ̀nù. Ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jáde láti ṣeré bí wọn yóò ṣe gba òkè Golan. Schroeder kò bá a jiyàn. Ó jẹ́ kí ó máa ṣe é lọ, ó sì pe fíìmù náà ní àwòrán tí ẹni náà fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Níbi kan, Amin ń bá àwọn mínísítà rẹ̀ ṣèpàdé, ó ń bá wọn wí bí olùkọ́ ti ń bá ọmọdé wí, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dá mínísítà tí ó wà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lẹ́bi. Olùsọ̀tàn wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún wa pé lẹ́yìn ìpàdé yẹn a rí òkú ọkùnrin náà nínú odò Náílì. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ẹni tí ó ti ń rẹ́rìn-ín pa ẹnu mọ́.

Amin gbọ́ pé àwọn nǹkan kan wà nínú fíìmù tí wọ́n ń fi hàn ní Yúróòpù tí kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó sì ní kí a gé wọn kúrò. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Schroeder kọ̀. Amin wá kó àwọn ará Faransé tí ó wà ní Uganda, ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn, jọ sínú òtẹ́ẹ̀lì kan, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà tẹlifóònù Schroeder pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òmìnira wọn wà. Schroeder gé e. Nígbà tí Amin ṣubú ní 1979 ni ó dá àwọn ibi tí ó gé padà. Ọdún kan náà, àwòrán méjì, ìbínú kan: ọ̀kan fi ìwé àdéhùn ti ilẹ̀kùn, èkejì fi ìbọn.

Síbẹ̀, a ní ẹ̀sùn kan sí fíìmù Schroeder. Ó di ohun tí gbogbo Yúróòpù fi ń rẹ́rìn-ín, ó sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ rò pé bí aláṣẹ Áfíríkà ti rí nìyẹn. Àwọn ará Uganda tí ń sin òkú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi gbogbo àyè fún aláṣẹ láti tú ara rẹ̀ fó, kò ní àyè tó kù fún àwọn tí aláṣẹ náà ń pa.

Èyí ni ó gbé wa dé Kútọnu, oṣù Kejì 1990. Owó-oṣù ti dá dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn báǹkì ti wó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ ti jáde sí ìgboro; ní oṣù Kejìlá 1989 ni Kérékou kéde pé ìjọba ti jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin. Láti 19 sí 28 oṣù Kejì, nǹkan bí 500 aṣojú jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni alága, Albert Tévoédjrè, ọmọ Àjàṣẹ́, sì ni ó ka ìjábọ̀. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbé e jáde bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 25 oṣù náà, àpérò kéde pé ọwọ́ òun ni àṣẹ wà. Wọ́n yan Nicéphore Soglo ní olórí ìjọba. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, Kérékou gba ohun tí wọ́n pinnu.

Kò sí Drew níbẹ̀, kò sí Depardon. Àwọn kámẹ́rà ìjọba kan náà tí ó ti ń ki ìjọba fún ọdún méjìlá ni wọ́n gbé sí gbọ̀ngàn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó máa wò. Ẹ̀fẹ̀ ní ọ̀sán gangan ni, láìsí ìbòjú: ọmọ ìlú dìde, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sì sọ fún ìjọba ológun ohun tí ó ṣe. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gé ohunkóhun, tí a kò sì fi ọgbọ́n kankan tò ó, àwọn àwòrán náà ṣe ohun tí fíìmù tí a fi ọgbọ́n ṣe kì í sábà ṣe. Tógò pe àpérò tirẹ̀ ní 1991. Òfin ìpìlẹ̀ 11 oṣù Kejìlá 1990 dá HAAC sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan lè ní ìpín tirẹ̀ nínú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba. Ó dàbí ẹni pé àwọn tí ó kọ òfin náà rántí ibi tí wọ́n ti gba agbára.

Ṣùgbọ́n fídíò gbọ̀ngàn kì í ṣe ìtàn tán. Láàárín 25 àti 28 oṣù Kejì, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni a sọ tí kì í ṣe níwájú gbohùngbohùn. Gbọ̀ngàn náà sì ń sọ Faransé. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pobẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ èdè yẹn ní láti dúró de ẹnìkan lẹ́bàá rédíò tí yóò túmọ̀: ọmọ tí ó dé láti ilé-ìwé, tíṣà tí kò rí owó-oṣù gbà, awakọ̀ tí ó ti Kútọnu dé. Báwo ni wọ́n ṣe túmọ̀ “souveraineté” sí Yorùbá fún ìyá àgbà ní alẹ́ ọjọ́ náà? Ohun tí wọ́n sọ fún un ni àpérò náà jẹ́ fún un, kò sì sí kámẹ́rà níbẹ̀.

Ọmọ Haiti náà Raoul Peck, tí ó dàgbà ní Kóńgò, ṣe fíìmù kan nípa Patrice Lumumba ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nínú rẹ̀ ó sọ iye tí àwọn ilé àkójọ ní Yúróòpù ń béèrè fún ìṣẹ́jú kan nínú àwòrán Lumumba, iye tí ó ju owó tí ọmọ Kóńgò ń rí ní ọdún lọ. Ti wa kò tíì dé ibẹ̀. Àwòrán àpérò wa, àwa ni a yà á. De Souza kú ní 1999, Kérékou ní 2015, Tévoédjrè ní 2019. Àwọn tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ láàárín àwọn aṣojú ti di àgbà, àwọn ọmọ tí ó túmọ̀ lẹ́bàá rédíò sì ti di bàbá àti ìyá. Nínú àwọn àpótí kan ní ilé wa, kásẹ́ẹ̀tì tí a fi gba ohùn rédíò sílẹ̀ ní ọjọ́ wọnnì lè wà, tí ẹni kan ti gba orin lé ìdajì rẹ̀. Ìdajì tí ó kù ni a ń wá.